Aago Mélòó Ni Wọ́n Ń Ṣíwọ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwọn àgbà kan náà ló tún ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọmọ tó wà ní SS2 bá sọ nílé pé òun fẹ́ máa lọ bá aránṣọ àdúgbò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, bàbá lè fi òwe àkọ́kọ́ lé e padà sídìí ìwé, ìyá sì lè fi èkejì tì í lẹ́yìn, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Òwe kì í bá ara wọn jà. Àwa tí à ń pa wọ́n la máa ń fi wọ́n jà.

Èmi kò sí lẹ́yìn bàbá pátápátá, n kò sì sí lẹ́yìn ìyá pátápátá. Mo ti rí ọmọ tó ń gbé ẹ̀kọ lórí láàárọ̀ kùtù tó sì yege, mo sì ti rí èyí tí kò gbé igbá rí láyé rẹ̀ tó fìdí rẹmi. Nígbà tí mo wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí ìwé wọn kò sì bàjẹ́, ohun kan ni mo rí lára gbogbo wọn: iṣẹ́ wọn ní ààlà. Aago kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti lù, iṣẹ́ parí, wọ́n á gbọn ọwọ́ nù, wọ́n á kí ọ̀gá pé ó dàárọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fajú ro. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọmọ tó bá ń wá iṣẹ́ pé kó má tíì béèrè iye tí wọ́n ń san. Aago mélòó ni wọ́n ń ṣíwọ́? Èyí ni kó kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ohun tó sì ń gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́ yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ní Èkó, ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 ilé-ìwé ìjọba. Ìyẹn kò kan owó fọ́ọ̀mù JAMB, kò kan owó lẹ́sìnnì, kò kan bàtà tó ti lanu àti owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ọmọ kan ń ṣiṣẹ́ nítorí pé bàbá ti kú. Òmíràn ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ìsọ̀ ìyá rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tí yóò dúró tì í. Òmíràn ń wá owó fóònù tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò, n kò sì ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé ohun tí ojú ọmọ ọdún 16 ń rí nínú kíláàsì, àgbà kì í rí i tán. Kí ó ṣáà sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ará ilé. Ẹni tó ń wá owó fọ́ọ̀mù lè dáwọ́ dúró bí owó fọ́ọ̀mù bá ti pé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti tó?

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, àwọn òbí fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Awólọ́wọ̀. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1909, bàbá rẹ̀ kú nígbà tí òun ṣì kéré, ó sì ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké kí ó tó rí owó ilé-ìwé san. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sọ ọ́ dé òpin. Nígbà tí agbára bọ́ sí i lọ́wọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹni tó jẹ ìyà yẹn gan-an kò rò ó pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tún un jẹ. Ẹ jẹ́ ká máa rántí apá ibẹ̀ náà.

Ó yá, ká ṣírò. Ọmọ kan jáde nílé-ìwé ní aago 2 ọ̀sán. Ó dé ìdí P.O.S. ní aago 2 ààbọ̀, aago 9 alẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ tó ń pa agboòrùn dé, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ká tiẹ̀ ní Sátidé kò gùn ju àwọn ọjọ́ yòókù lọ. Wákàtí 6 ààbọ̀ lójúmọ́, 39 ni lọ́sẹ̀. Ilé-ìwé tó ń lọ láti aago 8 sí aago 2, ní ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 30 péré ni. Ọmọ yìí ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń yọjú sí kíláàsì ló dà. Bí wọ́n bá wá ń fún un ní 20,000 náírà lóṣù, kí ó pín in sí wákàtí 156 tó fi jókòó síbẹ̀. Kò tó 130 náírà fún wákàtí kan. Lójú ọmọ tí kò gba owó oṣù rí, owó gidi ni 20,000. 130 ńkọ́?

Ẹ wo ọmọbìnrin kan tó ń di irun fún àwọn aládùúgbò ní Sátidé nìkan, wákàtí 6, lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù. Ó lè má rí ju 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín 10,000 sí wákàtí 24, ó lé ní 400 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè títí dé Fúráìdeè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pátá. Ta ló gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì?

Bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹnì kan l'Ékòó, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ènìyàn gidi ni bàbá náà, Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, àbí ta ló ń ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́? Ṣùgbọ́n inú kọ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà alájọ ń gbé, ibi tí mọ́tò kò lè wọ̀, kẹ̀kẹ́ á wọ̀ ọ́. P.O.S. aago 9 alẹ́, mọ́tò ni. Irun Sátidé, kẹ̀kẹ́ ni.

Nínú àwọn iṣẹ́ tí mo mọ̀, kò sí èyí tó bá ìwé rẹ́ tó kíkọ́ ọmọ kéékèèké ní lẹ́sìnnì nínú ilé. Ọmọ SS2 tó gbọ́ ìṣirò lè kọ́ ọmọ praimárì mẹ́ta ní wákàtí kan ààbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìdá àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó ń tún ṣe fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń yé sí i. Irun dídì wà, aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀ wà, dídín ṣínṣín àti pọfupọ́ọ̀fù fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó wà. Bíbá alásè bu oúnjẹ níbi òde Sátidé, kíkó àga àti kànópì, wọ́n ń gba agbára díẹ̀ ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Kíkọ́ aṣọ rírán àti títún fóònù ṣe dára bí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yé. Lébìrà lọ́dọ̀ bíríkìlà, fi í sí họlidé. Ẹni tó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù kì í rí ìwé lálẹ́, lẹ́tà ni yóò máa rí. Kọ̀ńdọ́, ọ̀kadà, ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí, rárá o. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Ọjà ọrún ní ìṣòro tirẹ̀, àwọn tó ń gbé ìlú ńlá kì í sì í ronú nípa rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún kì í dúró sórí ọjọ́ kan. Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè lọ́sẹ̀ yìí, yóò tún bọ́ sí Fúráìdeè, lẹ́yìn náà Túsìdeè, Sátidé, Wẹ́sìdeè. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ru iṣu lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjà yóò máa pa ilé-ìwé jẹ díẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́, kò sì ní mọ̀ títí ìdánwò yóò fi dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà ni kó mú kàlẹ́ńdà, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọjọ́ ọjà tó bá bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé, kó sì jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ yan èyí tí yóò lọ àti èyí tí àbúrò ìyá rẹ̀ yóò bá a lọ. Èyí tí kò bá ṣeé yẹ̀, kí ó ti bá ọ̀rẹ́ kan sọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gba ìwé rẹ̀ dàkọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìparí sáà.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu la fi ń sọ ọ́. Bí o bá rí iṣẹ́, má dá lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ àkókò. Ẹnu ọmọdé kò ràn án. Mú ìyá rẹ dání, tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ọ̀gá yóò bọ̀wọ̀ fún. Bí wọ́n bá ti kí ara wọn tán, kí ìyá sọ ọ́ ní gbangba pé: "Ọmọ yín ni o, mà, ẹ bá wa fojú tó o. Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, ẹ jọ̀ọ́, aago 5 ni kí ẹ máa jẹ́ kó wálé, ó ń kàwé. Sátidé, tiyín ni látàárọ̀. Bó bá di àkókò ìdánwò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ó fi bá wa yọ̀ǹda rẹ̀." Bí ọ̀gá bá ní kò burú, àdéhùn ti dé lójú ẹlẹ́rìí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ó ti fi ìwà rẹ̀ hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lo fẹ́ kọ́, ẹ má fi iye ọdún ṣe ohun tí ẹ ó máa fojú bù. Ẹni tó ń wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò lè ṣe fíríídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ti ibẹ̀ sùn tí ń ti ibẹ̀ jí. Ẹ sọ ọ́ kó yé ara yín kí ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, kí ẹkún má baà dé lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń ṣe tiwọn.

Àdéhùn aago náà yóò tún ṣí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Aago 5 kì í di aago 9 lọ́jọ́ kan. Lónìí, oníbàárà kan ló pẹ́ kó tó wá gba aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá lọ sí ìsìn, ó ní kí o bá òun ṣọ́ ìsọ̀ díẹ̀. Iléyá dé, aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Kérésì tún tẹ̀lé e. Nígbà tí ọdún yóò fi yí po, kò sẹ́ni tó rántí pé aago 5 wà nínú ọ̀rọ̀ náà rí, ìwọ gan-an á ti gbàgbé. Máa kọ aago tí o kúrò níbẹ̀ sẹ́yìn ìwé àjákọ kan lójoojúmọ́. Bó bá kọjá àdéhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, la ẹnu. "Ẹ má bínú, mà, ìdánwò ti ń sún mọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ ní aago 5 tí a jọ sọ" kì í ṣe àrífín. Bó bá jẹ́ pé Iléyá ku ọ̀la ni, jọ̀ọ́, jókòó kí o bá wọn rán an. Ọmọ tí kò lè gba ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ní rí ojú tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdánwò.

Ohun kan wà tí àwọn òbí máa ń fojú fò. Ọ̀gá tó ń dá ọmọbìnrin dúró nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ, tó ń ra nǹkan fún un láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀, tó ní kó wá gba owó oṣù nínú ilé òun: kí ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò níláti dúró kó rí ẹ̀rí. Kí ara fu ú ti tó. Bákan náà ló rí fún ọmọkùnrin. Òbí tó bá ní "Àbí o kàn ń wá ọ̀nà àtiṣọ̀lẹ ni?" nígbà tí ọmọ bá mú irú ọ̀rọ̀ báyìí wálé ti dí ọ̀nà tí ọmọ ìbá gbà sá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka lílo ọmọ láti kiri ọjà ní òpópónà ìlú léèwọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí ní Ọ̀ṣọ́dì síbẹ̀. Ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé dáńfó nínú gósílóò pẹ̀lú abọ́ omi lórí, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní aago ìṣíwọ́ kankan; ìgbà tí ọjà bá tán ló ń lọ ilé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ta ni kò gbọ́ pé WAEC ń bọ̀? Láti oṣù kẹsàn-án tí ọmọ bá ti wọ SS3 ló ti mọ̀ pé ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, pé JAMB máa ń bọ́ sí àyíká ìgbà kan náà, pé NECO yóò sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, kí ó fi SS1 àti SS2 wá owó rẹ̀, pàápàá họlidé gígùn oṣù kẹjọ tó lè ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ láìpa ìwé kankan lára. Ní sáà kìíní SS3, kó dín in kù sí Sátidé nìkan. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, kó dáwọ́ dúró.

Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá. Ọmọ tó jẹ́ pé ohun tó bá mú wálé ni àwọn àbúrò rẹ̀ yóò jẹ lálẹ́, ẹ kò lè sọ fún un pé kó fi oṣù mẹ́rin jókòó. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí ó di Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè mú, kí ó jẹ́ kí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe rí, kí ó sì kó agbára lé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kí ó tó kó o lé òmíràn, torí pé bí ó bá gba A1 nínú iṣẹ́ mẹ́fà tí kò rí C6 nínú méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni kò ní gbà á wọlé.

Ìdánwò JAMB alára yẹ kó kọ́ ẹni lọ́gbọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti 2015. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: 60 ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ìdí iṣẹ́ dé ní aago 10 alẹ́ àná, kó tó ka ìbéèrè kan tán, àkókò méjì ti lọ. Bó bá wá jẹ́ pé E8 ni ìṣirò WAEC mú jáde, owó ìdánwò mìíràn ń bọ̀, owó lẹ́sìnnì ọdún kan ń bọ̀, ọdún kan náà sì ti lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìwé tí à ń kà nídìí ìsọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí à ń kà nílé. Nídìí ìsọ̀, oníbàárà á dé, wọ́n á ná ọjà, wọ́n á lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ṣí sílẹ̀. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá onídáhùn A sí D ló bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu, àti ọ̀rọ̀ tuntun inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti fọ́múlà físíìsì tí o kọ sórí páálí pélébé kan. Má gbé ìṣirò olójú ewé méjì síbẹ̀. Oníbàárà kan péré tó bá wọlé, o ti sọ ibi tí o bá a dé nù. Àròkọ, ìṣirò gígùn, ẹ̀kọ́ tuntun tí o kò tíì gbọ́ yé, gbé wọn dúró de ilé. Níbẹ̀ ni ìjókòó kan tó ṣe wákàtí kan gbáko ti níye lórí ju wákàtí mẹ́ta tí a gé kélekèle lọ. NEPA yóò sì mú iná lọ, o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí iná bá wà níbi iṣẹ́, gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá kí o máa ṣáàjì fìtílà rẹ níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní TDB, ìyẹn kíka ìwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, wọ́n á jẹ obì, orí á sì máa fọ́ wọn ní ọjọ́ kejì. Ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lè rí i gbé fún alẹ́ kan. Ẹni tó ti dúró lẹ́sẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ló ń jẹ ní gbèsè, kíláàsì ni yóò sì ti san án. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní wákàtí 8 sí 10 ló yẹ ọmọ ọdún 13 sí 18 lóru, nínú oorun sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tó gbọ́ lọ́sàn-án síbi tí yóò ti tún rí i. Bí o bá padà dé ní aago 5 ààbọ̀, jẹun, wẹ̀, ran ilé lọ́wọ́, kàwé láti aago 7 ààbọ̀ sí aago 9, kí o sì sùn. Bí o bá jí ní aago 5, wákàtí 8 kò jìnnà sí ọ. Kò sí nǹkan ìyanu kankan nínú ètò yìí. Kìkì pé ẹni tó ń ṣíwọ́ ní aago 9 kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ tí o bá ń ṣe lè wúlò nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì ronú kàn án. Láti 2011 ni wọ́n ti fi iṣẹ́ òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ SS, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ọ̀kan. Ní 2025, wọ́n tún un tò, wọ́n dín wọn kù sí mẹ́fà: aṣọ rírán, ìtọ́jú irun àti ara, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, ẹran ọ̀sìn, ohun ọ̀gbìn, àti iná oòrùn tí a ń pè ní sólà. Ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá tó wá lọ mú nǹkan mìíràn nílé-ìwé, àánú rẹ̀ ṣe mí. Bí iṣẹ́ kan kò bá tiẹ̀ sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ó lè wúlò: ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ra tòmátò ní Mile 12 mọ ohun tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe sí iye owó apẹ̀rẹ̀ kan ju bí ìwé ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé ti lè sọ ọ́ lọ. Kó ṣáà kọ́ orúkọ tí ìwé ń pè é.

Owó náà wá ńkọ́? Fún un ní iṣẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Bí o bá ń dá àjọ 300 náírà lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ, ní oṣù ọlọ́jọ́ 30, 9,000 ni. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, 8,700 á kù fún ọ. Sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé owó fọ́ọ̀mù ni, kó má dá a padà fún ọ kí oṣù kan pàtó tó pé, bí o tilẹ̀ ń sunkún. Ìyá tó bá ń gba gbogbo owó ọmọ pátá láìfi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ń kọ́ ọmọ láti máa purọ́ iye tí wọ́n san. Ọmọ tó ń gbé gbogbo rẹ̀ sápò láìmọ ìgbà tí gáàrì tán nílé, ẹ kọ́ òun náà lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọ tí owó kékeré dé ọwọ́ rẹ̀ tó wá ń wo olùkọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ṣe, tó ń sọ pé ìwé kò já mọ́ nǹkan kan. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ohun tó wù ú kó jẹ́ pé òun kà nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ọ̀gá kì í fi ìdáhùn sí ìbéèrè yìí pamọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà gbọ́ tiyín. Kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Ọmọ tó pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń pàdé ní iṣẹ́ kẹta, ẹ pè é sẹ́yìn kíláàsì kí ẹ tó mú pàṣán. Ó lè jẹ́ pé ìdí àkàrà ló ti ń bọ̀ láti aago 4 àárọ̀. Máàkì tí ẹ ń kó jọ láti SS1 ni ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́ sí WAEC, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní lè wá lọ́jọ́ ìdánwò kékeré, ẹ fún un ní ọjọ́ mìíràn. Èyí tí kò sọ, tó kàn pa á jẹ, tirẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìwé ìkẹyìn ní WAEC tàbí NECO, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Èsì WAEC máa ń gbà tó ọjọ́ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í sì í wọlé títí di ìparí ọdún tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o lọ bá ọ̀gá rẹ pé o ti dé fún iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, kí o sì béèrè owó tó tó ti òṣìṣẹ́ kíkún. Sọ fún un nígbà kan náà pé ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lè bọ́ sí àárín, wọn kì í sábà fún ènìyàn ní àkókò púpọ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Kí owó ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ rẹ ti wà lọ́dọ̀ alájọ kí wọ́n tó kéde ọjọ́ náà.